Bí Ìyàwó Wa Ṣe Gbé Iyán Lọ Bá Iwin Tí Kì Í Jẹun

Ẹ sún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kí àwọn àlejò wa láti Bámúbámú lè ríbi jókòó. Iṣu kò tíì jinná, ẹ yé na ọrùn sí ẹ̀yìnkùlé. Kí ó tó jinná, èmi Ọdẹ́rìndé ọdẹ yóò sọ ìtàn kan fún yín, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ẹfọ̀n pàdé mi rí lójú ọ̀nà tóóró, ẹfọ̀n wò mí, ó sì yà sínú igbó kí n lè kọjá. Ẹni tí ẹfọ̀n bá yà fún, ó yẹ kí ènìyàn lè dákẹ́ fún un. Mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán kí a máa lọ.

Ìtàn yìí kì í ṣe tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láìsí mi, ìtàn kankan kì bá tí sí. Ti Mosúnmọ́lá ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé wa, mo ti ń tẹ̀lé bàbá wa lọ sígbó ọdẹ, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni èmi náà jẹ́, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Eyínafẹ́ ló ń pè mí, nítorí àlàfo tó wà láàárín eyín iwájú mi. Ẹ má wo ẹnu mi nísinsìnyí. Nígbà náà eyín wà, àlàfo sì wà. Lónìí àlàfo nìkan ló kù.

Àgọ́-Ìrèké wa yìí kì í ṣe abúlé. A lọ́ba, a ní ọjà ńlá, a ní ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n Bámúbámú ni Ọlọ́run fi ṣe aládùúgbò wa, ìlú tí ilé oúnjẹ rẹ̀ ní ilẹ̀kùn dígí tó ń ṣí ara rẹ̀, tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ ń wọ aṣọ funfun, tí àwo wọn fẹ̀ tó ojú agbada, tí oúnjẹ àárín rẹ̀ kò sì ju ìkúùkù ọmọ ọwọ́ lọ. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin wa bá fẹ́ sọ fún obìnrin pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bámúbámú ló ń lọ sọ ọ́. Bí a bá fi ẹnìkan joyè níbí, Bámúbámú ni wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ oyè. Kábíyèsí fúnra rẹ̀, Ọba Láṣebìkan, inú kúlà ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀ rẹ̀ sí wá láti ọ̀hún. Á ti tutù kí ó tó dé ààfin. Kábíyèsí á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, á ní ó dùn.

Tiwa ni Ìsọ̀ Oníyán, ìlà búkà tó wà lẹ́yìn ọjà. Ibẹ̀ ni ìyá Mosúnmọ́lá ti gún iyán títí ó fi kú. Ibẹ̀ náà ló bí Mosúnmọ́lá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, nítorí ọmọ náà kò dúró kí omi iṣu hó. Kò sí ohun tí ìyàwó wa fẹ́ràn láyé tó ààrò yẹn, àfi bóyá ẹ̀gbọ́n mi, n kò sì fẹ́ kí ẹ bi í léèrè.

Ìsọ̀ Oníyán ní àṣà kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá ń jẹun tí ènìyàn ń kọjá, a ó ní, "Ẹ wá jẹun." Ẹni tí a bí ire yóò dáhùn pé, "Á gba ibi ire," yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ, bí ebi tilẹ̀ fẹ́ pa á kú. Níbòmíràn, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ní Ìsọ̀ Oníyán, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò tún pè ọ́. Wọn yóò di aṣọ rẹ mú, wọn yóò ní kí o kàn tọ́ ọ wò, wọn yóò bi ọ́ léèrè ta ló bí ọ nínú tí o fi ń bá oúnjẹ jà. Bí o bá jókòó tí o wí pé o ti yó, wọn yóò bu òmíràn sí i. Àwọn ará Bámúbámú fi èyí ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè wá ní ìlú a-fi-tipá-bọ́ni. Ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin àlejò, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin.

Yẹ̀yẹ́ náà wọ Mosúnmọ́lá lára. Kò fi hàn, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i pé bí ará Bámúbámú bá ń kọjá, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Kábíyèsí pe ìlú jọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wa ti ń lọ jẹun ní Bámúbámú, kí á kúkú wó Ìsọ̀ Oníyán, kí á fi ibẹ̀ ṣe gáréèjì tí ọkọ̀ yóò ti máa kó wa lọ. Ìlú pàtẹ́wọ́. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ láàárín wọn.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Oúnjẹ wa kò rẹ̀yìn sí tiwọn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí ìwọ tó ń sè é?" ni Kábíyèsí wí.

Ó ní bí ó bá dá a lójú, kí ó lọ bá Iwin Ọlọ́wọ̀ nínú Igbó Ọ̀fun-Gbígbẹ, ẹni tí àwọn baba wa àti baba àwọn Bámúbámú jọ gbà ní onídàájọ́ oúnjẹ. Iwin yìí ní ṣíbí ìbubẹ̀ kan tí wọ́n fi igi ìrókò gbẹ́. Ẹni tí iwin bá jẹ oúnjẹ rẹ̀ ni yóò gbé e fún, kò sì tíì jẹ ti ẹnikẹ́ni rí. Efúnbọ́lá, àgbà nínú àwọn olóúnjẹ Bámúbámú, ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. "Gbé ṣíbí náà wá, ìsọ̀ yín á dúró," ni Kábíyèsí wí. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, katapílà ń bọ̀."

Bí a ṣe dágbére fún ilé nìyẹn. Mosúnmọ́lá ru ìkòkò, iṣu àti ẹ̀gúsí àti ìsápá wà nínú rẹ̀. Èmi gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo sì ru odó. Mo tún un wí: odó. Àwọn ọdẹ kan yóò sọ fún yín pé àwọn ru ẹkùn wálé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ru odó la igbó iwin kọjá rí, tí ọmọ odó ń gbá wọn lẹ́yìn ọrùn bí wọ́n ti ń rìn. Mo ní kí á jẹ́ kí odó dúró sílé, kí á se àsáró fún iwin. Ìyàwó wa wò mí, ó ní, "Eyínafẹ́, ọkọ mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹfọ̀n yà fún yín?" Ẹnu mi ló fi mú mi. Mo rù ú.

Bí a ti wọ Igbó Ọ̀fun-Gbígbẹ ni iwin kan dábùú ọ̀nà. Imúdilé ni orúkọ rẹ̀. Imú rẹ̀ tóbi débi pé ẹyẹ kọ́ ìtẹ́ sínú ihò kan, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sùn sínú ihò kejì bí òjò bá ń rọ̀. Mo na ìbọn sí i. Ó sín, ìbọn mi sì fò lọ kọ́ sórí igi àràbà. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé aláàánú ènìyàn ni mí, ẹ̀rù kò bà mí rárá.

"Mo jẹun láàárọ̀ yìí," ni Imúdilé wí. "N kò la ẹnu. Ti aládùúgbò ni mo jẹ, ìkòkò rẹ̀ kò sì dín. Mo jẹ ẹ́ tán, ebi túbọ̀ ń pa mí. Kí ni mo jẹ? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó padà sílé."

Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Ó ní rárá. Mo ní àlá ni. Imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó tún fẹ́ sín, mo sì di odó mú ṣinṣin. Ìgbà náà ni Mosúnmọ́lá bú sẹ́rìn-ín.

"Baba, òórùn ọbẹ̀ ni. Irú yín pọ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ wa, wọ́n á dúró síbẹ̀ bí ẹni ń dúró de ọkọ̀."

Ó ṣí ìkòkò, ó jẹ́ kí Imúdilé gbọ́ òórùn ìsápá tútù. Iwin náà di ojú, ara rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Mosúnmọ́lá bi í léèrè bóyá òórùn tiwa tó ti Bámúbámú. Ó ní, "Ọmọ mi, méjèèjì ló ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n òórùn nìkan ni èmi mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ oúnjẹ, àfi kó jẹ ẹ́." Ó yà fún wa lọ́nà.

Lẹ́yìn èyí ni a dé ìlú kan tó ń jẹ́ Àwo-Òfìfo. Gbogbo ará ibẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, àwo òfìfo wà níwájú wọn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n ń sọ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọ̀kan ní ẹ̀gúsí ọdún yìí kò lẹ́mìí nínú. Èkejì ní ata tí kò bá ti òkè odò wá, kì í ṣe ata. Wọ́n rù títí a lè ka egungun ìhà wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ jẹun, nítorí ẹni tó bá jẹun níbẹ̀, wọ́n á ní kò mọ oúnjẹ.

Efúnbọ́lá wà láàárín wọn. Ó wọ aṣọ funfun tí kò ní àbààwọ́n epo kankan, àwọn tó ń ru ẹrù rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwo olómorí. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fún wa lómi mu, ó sì ní kí Mosúnmọ́lá jókòó ti òun.

"Àbúrò mi," ló wí, "mo ti gbọ́ pé ọwọ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Àgọ́-Ìrèké, ẹ ti ń bẹ ènìyàn jù. Ọbẹ̀ tó bá dùn kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Bí o bá dé iwájú Baba, pè é lẹ́ẹ̀kan, kí o dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀mejì kò gbẹ́kẹ̀ lé ìkòkò rẹ̀."

Gbogbo Àwo-Òfìfo mi orí. Mosúnmọ́lá wo ìró ara rẹ̀, ó rí àmì epo tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú tì í gidigidi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ṣe ló dà bí ẹni pé ìyá òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín nínú ìlú yẹn, tí òun sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fi máa kúrò níbẹ̀, ó ti pinnu pé òun yóò ṣe bí wọ́n ti ń ṣe ní Bámúbámú.

Abẹ́ igi ọ̀gànwó ni a bá Iwin Ọlọ́wọ̀. Ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bí ó ti rí wa, ó dìde. Ó kí wa kú ìrìn, ó béèrè àlàáfíà ẹ̀gbọ́n mi, ó béèrè tàwọn ọmọ, ó béèrè ti ewúrẹ́ ilé. Mo ti rí iwin púpọ̀ láyé mi, n kò rí èyí tó ní ẹ̀kọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kí wa tán, ó bu omi nínú agbè, ó fọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ náà dání lókè láìjẹ́ kó kan nǹkankan. Mo rò pé bóyá apá ló ń ro ó.

Efúnbọ́lá ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó tẹ́ aṣọ, ó to àwo lé e. Oúnjẹ náà rẹwà, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbín wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀ tó ká ìrù sẹ́nu, ọbẹ̀ wà tí òórùn rẹ̀ mú kí n gbàgbé orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Efúnbọ́lá kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ wá jẹun."

"Á gba ibi ire, ọmọ mi," ni iwin wí.

Efúnbọ́lá dúró jẹ́ẹ́. Ó dúró títí àwọn àwo fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Lẹ́yìn náà ó sorí kọ́, ó bo àwọn omorí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé oúnjẹ òun kò wu Baba.

Ó kan tiwa. Mosúnmọ́lá to òkúta, ó dáná, ó se iṣu, ó gún un títí kò fi ní kókó kan. Ọbẹ̀ ìsápá ló fi sí i, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran òyà tí mo pa lọ́nà. Ẹ fẹ́ mọ bí mo ṣe pa òyà nígbà tí ìbọn mi wà lórí igi? Òkò ni mo sọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ. Ìyàwó wa gbé e síwájú iwin, ó kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ wá jẹun."

"Á gba ibi ire, ọmọ mi."

Ìyàwó wa náà dúró jẹ́ẹ́, bí ará Bámúbámú. Èéfín iyán ń lọ sókè. Mo mọ ohun tó wà lójú rẹ̀. Katapílà ló ń rí, ààrò ìyá rẹ̀ ló ń rí tí wọ́n ń gbá a lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí ọjà. Nígbà tó ṣe, ó fa omorí mọ́ra láti bo ìkòkò. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé odó, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi.

Bí ó ti gbé omorí náà ni omi kán sí i lẹ́yìn ọwọ́. Ó gbójú sókè, ó rò pé òjò ni. Ọwọ́ ọ̀tún iwin ló rí, ó ti tún un fọ̀, ó ṣì gbé e sókè níbẹ̀, omi ń kán láti ìgúnwọ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀fun iwin, ó rí i tó gbé itọ́ mì. Ọmọ ìsọ̀ ni Mosúnmọ́lá. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ jẹun kì í fọwọ́.

Ó ju omorí sílẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí.

"Baba, ẹ wá jẹun."

"Á gba ibi ire."

"Mo ti gbọ́. Ẹ wá jẹun."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, ọmọ mi."

"Níbo lẹ ti jẹ ẹ́? Ta ló sè é? Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín tí ẹ kò fi ní fọwọ́ kan tèmi? Òkèlè kan péré ni. Bí kò bá dùn, ẹ tu ú sílẹ̀ lójú mi."

Ó di ọmọńdinrín iwin mú, ìka tó tó òpó ilé, ó sì ń fà á. Efúnbọ́lá fọwọ́ bojú. Iwin Ọlọ́wọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ó dáa," ló wí. "Nítorí kí inú má bàa bí ọ ni o."

Ó jókòó, ó sì jẹun. Òòṣà bí ọ̀fun kò sí, àwọn àgbà kò purọ́. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó ní òun ti yó. Mosúnmọ́lá bu òmíràn sí i bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún ní òun ti yó, ó sì ń na àwo bọ̀ bó ti ń sọ ọ́. Ó jẹ tán, ó lá ọwọ́ dé ìgúnwọ́, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá mi ló tọ́ mi," ló wí. "Ó kọ́ mi pé ọmọ tí a bí ire kì í jẹ oúnjẹ ìpè àkọ́kọ́. Ó kú kí ó tó kọ́ mi ní ohun tí màá ṣe bí wọn kò bá pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà náà, gbogbo àgbà olóúnjẹ ló ti gbé oúnjẹ wá síwájú mi, tí wọ́n sì tún gbé e lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń fọ ọwọ́."

Ó yọ ṣíbí ìrókò náà níbi tó há a sí láàárín gbòǹgbò igi, ó gbé e lé Mosúnmọ́lá lọ́wọ́. Efúnbọ́lá dìde, ó súnmọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Baba, ṣé tirẹ̀ dùn ju tèmi lọ ni?"

"N kò mọ̀, ọmọ mi," ni iwin wí. "N kò tọ́ tìrẹ wò."

Efúnbọ́lá yíjú sẹ́yìn. Ó ń wo àwọn àwo rẹ̀ tó bò. Mosúnmọ́lá ti ṣíbí tuntun náà bọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó bu ọbẹ̀ tó kù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹun."

"Á gba ibi ire," ni Efúnbọ́lá wí.

Ìyàwó wa ti nawọ́ sí i. Ó fà á láṣọ, ó mú un jókòó, epo sì ta sí aṣọ funfun náà. Nígbà tí Efúnbọ́lá jẹun tán, ó dìde, ó ṣí àwọn omorí rẹ̀, ó sì gbé àwo lọ síwájú Baba. Iwin ní á gba ibi ire. Efúnbọ́lá dúró díẹ̀, ó wo ojú Mosúnmọ́lá, ó sì tún pè é. Ìpè kejì yẹn rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń kọ́ èdè. Ìgbà tó di ìkẹta, ìkẹrin, obìnrin náà ti ń kígbe mọ́ iwin bí ọmọ Ìsọ̀ Oníyán. Iwin jẹ ẹ́ tán pátápátá. Èmi náà jẹ nínú méjèèjì, ẹ má bi mí èwo ló dùn jù, ará ilé ni mo jẹ́.

Nígbà tí a délé, Mosúnmọ́lá gbé ṣíbí síwájú Kábíyèsí. Kábíyèsí ní, "Tiwa ló borí nìyẹn?" Mosúnmọ́lá ní, "Kábíyèsí, n kò mọ̀. Ó jẹ tiwọn náà. Ṣùgbọ́n tiwa ló kọ́kọ́ jẹ, ìpè wa ló sì jẹ́ kó jẹ tiwọn." Kábíyèsí rẹ́rìn-ín, ó ní òun á fẹ́ dé ìsọ̀ náà kí òun rí i. Wọ́n pè é kó wá jẹun, ó ní á gba ibi ire, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ọbẹ̀ gbígbóná jó o láhọ́n, nítorí ó ti pẹ́ tó ti jẹ ọbẹ̀ gbígbóná kẹ́yìn, ó sì ní kí wọ́n tún bu sí i. Ìsọ̀ Oníyán kò wó. Gáréèjì wà lóòótọ́, òdìkejì ìlú ni wọ́n kọ́ ọ sí, ibẹ̀ ni ẹ̀yin àlejò sọ̀ sí lónìí.

Bámúbámú ṣì ni Bámúbámú. Dígí rẹ̀ ṣì ń ṣí ara rẹ̀. N kò ní sọ fún yín pé a jù wọ́n lọ, ọdẹ ni mí, ṣùgbọ́n irọ́ ọdẹ náà ní ìwọ̀n. Àwọn àgbà ní bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ẹ gbọ́, odó ti dákẹ́. Ìyàwó wa ló ń bọ̀ yẹn, ó ti di arúgbó bíi tèmi, ṣíbí ìrókò náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àlejò, ó ní kí ẹ wá jẹun. Mo gbọ́ ohun tí ẹ wí. Ẹ káre, wọ́n bí yín ire. Ṣùgbọ́n mo ti rí omi tó ń kán lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá jẹun.